Sòkòtò tí Mo Rán Wọ̀ Lọ sí Ẹ̀pẹ́

N kì í lè jókòó pẹ́. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n óò ṣí ilẹ̀kùn, n óò gbé àpò mi kalẹ̀, n óò tún jáde. N óò rìn dé bọ́sítọ́ọ̀pù ní Agric, n óò wo àwọn tó ń sáré wọkọ̀, n óò padà. Ní ọjọ́ Àìkú mìíràn n óò wọkọ̀ lọ sí Ijede, n óò dúró létí ọ̀sà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú omi, èmi tí n kò fẹ́ lọ sí ibì kankan. Yàrá méjì ni mo háyà. Kò sí èyí tó gbà mí nínú méjèèjì.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni mo ń bójú tó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe píọ́ wọ́tà. Iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì bá mi lára mu. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ìkòròdú. Mo pẹ́ kí n tó lọ sí ilé ìwé, mo pẹ́ kí n tó gbéyàwó, mo sì pẹ́ kí n tó bímọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ìyàwó mi bí fún mi. Nígbà tí a sin ìyàwó mi tán ní Ẹ̀pẹ́, ní ilé àwọn òbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ní kó ṣì wà lọ́dọ̀ òun ná. N kò bá a jiyàn. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣọ̀fọ̀.

Ọdún yí po, òmíràn tún tẹ̀lé e, ọmọ náà ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀ girama lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Mo ti kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà kan, lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ìyá ìyàwó mi wò mí.

“Ilé tí kò sí obìnrin,” ó ní. “Ta ni yóò máa di irun rẹ̀? Bí aṣọ rẹ̀ bá ya, ta ni yóò bá a rán an?”

Mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń dúró dè mí.

Bóyá ọ̀rọ̀ aṣọ tó ya yẹn ló bá mi délé. N kò pẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù kan nítòsí Garage, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí kò bá NEPA ṣe pọ̀. Mo gbé e sórí tábìlì tí a ti máa ń jẹun. Mo rí i pé bí mo bá jókòó tì í, mo lè jókòó. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì ń ti aṣọ, ojú ń ṣọ́ abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò níṣẹ́, òun náà a sì máa lu ilẹ̀.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Aṣọ mi tó ti gbó ni mo máa ń tú, n óò tẹ́ ẹ lé aṣọ tuntun, n óò fi ṣọ́ọ̀kì fà á yí ká, n óò gé e. Àpò ìrọ̀rí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rán bùbá. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e wọ̀, orí mi kò kọjá lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ níwájú ilé wa. Ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí mo ṣe ń bá bùbá náà jà.

“Bàbá, ta lẹ rán ìyẹn fún? Ṣé ìgò ni?”

“Èmi ni mo rán an fún.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ku kí ẹ wá orí tó máa bá a mu. Ẹ gbé e wá, kí n bá yín la ọrùn ẹ̀.”

“Fi sílẹ̀. Èmi náà á là á.”

“Ẹ kàn fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni, Bàbá yìí!”

Mo là á. Ó wá tóbi jù, mo tún tú u. Bí mo ṣe ń rán ni mo ń tú. Kò sú mi. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni kí n parí, kí n tún wá nǹkan mìíràn ṣe.

Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn dé, tí ọjọ́ ìwọlé girama ti ń sún mọ́lé, mo pinnu pé n óò lọ tọrọ ọmọ mi bó ṣe yẹ. Mo ra gíní aláwọ̀ eérú. N óò fi rán bùbá àti sòkòtò, èyí tí n óò wọ̀ lọ. Mo ti ní èsì báyìí: Màmá, bí aṣọ rẹ̀ bá ya, èmi ni yóò rán an, ẹ wo ara mi.

Mo tú sòkòtò mi àtijọ́ kan láti fi ṣe ìwọ̀n. Ní abẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, mo bá awẹ́ aṣọ kékeré kan tí wọ́n rán mọ́ ọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí. Mo ní aṣọ ló tán lọ́wọ́ télọ̀ náà tó fi lẹ̀ ẹ́. Tèmi kò ní ní ìlẹ̀mọ́. Mo gé e lódidi, mo rán an, mo tún rán an lẹ́ẹ̀kejì kó lè le dáadáa. Ẹnu ìránṣọ náà gún régé. Mo wọ̀ ọ́ jáde.

Aránṣọ iwájú ilé yí mi ká. “Bàbá, ẹ ti di ọ̀gá o! Ẹ rìn, kí n rí i.”

Mo rìn. Mo jókòó. Mo dìde.

“Ó dáa,” ó ní. “Aṣọ obìnrin ni tèmi, n ò mọ sòkòtò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó dáa.”

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Mo wọkọ̀ ní Garage Ìkòròdú, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ń ka ọ̀rọ̀ tí n óò sọ nínú ara mi bí ọmọ ilé ìwé. Bí mo bá kà á dé ìdajì, yóò sọ nù, n óò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé Ìtóìkín, ó ṣe mí bíi pé kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n padà sílé. N kò sọ̀.

Ìyá ìyàwó mi wà lágbàlá, lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́bàá ààrò tó ti ń yan ẹja. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò, ń tún okùn ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ọmọ mi ń fọ abọ́. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ mìíràn mo lè tẹ̀ba díẹ̀, kí n fọwọ́ kan ilẹ̀, kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àna kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ lásán. Mo na gbogbo ara mi lé sìmẹ́ńtì, àyà lulẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

Sòkòtò náà ya fàààà.

Mo gbọ́ tí òróró ẹja ń kán sínú iná. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára níbi tí kò yẹ kí atẹ́gùn dé. N kò lè dìde, n kò sì lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Bùrọ̀dá, kí lẹ wí?”

Ìyá ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó gbìyànjú láti mú un mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìjókòó rẹ̀ mú. N kò gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yẹn láti ọjọ́ tí a ti gbé òkú jáde níbẹ̀. Ọmọ mi ti sáré wọlé, ó mú ìró ìyá àgbà jáde, ó dà á bò mí láìwò mí lójú.

“Télọ̀ wo ló ṣe yín báyìí?” ni àbúrò ìyàwó mi ń bi mí. “Ẹ júwe ilé ẹ̀ fún mi, kí n lọ bá a jà.”

“Èmi ni mo rán an.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?”

“Èmi ni.”

Ó rò ó díẹ̀. “Ó dáa. Mo ti dárí jì í.”

“Wọlé lọ bọ́ ọ,” ni ìyá ìyàwó mi wí, ó ń nu ojú rẹ̀. “Gbé e fún mi wá.”

Bí mo ṣe jókòó lágbàlá àna mi nìyẹn, pẹ̀lú bùbá gíní lókè àti ìró obìnrin nísàlẹ̀. Ó gba sòkòtò náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ẹnu ìránṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Òwú rẹ̀ ò já. Aṣọ ló ya. Níbo ni awẹ́ abẹ́ rẹ̀ wà?”

“Mo rò pé ìlẹ̀mọ́ ni, Màmá.”

“Ìlẹ̀mọ́! Ọkùnrin wo ló máa wọ sòkòtò tí kò ní dọ̀bálẹ̀?”

Mo ti rìn nínú rẹ̀, mo ti jókòó, mo ti dìde. Kò sí ẹni tí mo lè dọ̀bálẹ̀ fún nínú yàrá méjì tí mo háyà. Kò wá sí mi lọ́kàn láti dán an wò.

Ó ní kí ọmọ mi mú abẹ́rẹ́ wá, àti àkísà àdìrẹ kan. Kò kánjú rárá. Ó rán díẹ̀, ó dìde yí ẹja, ó jókòó, ó tún rán díẹ̀. Ara mi ń fẹ́ dìde. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Sòkòtò mi wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkorẹ́ kalẹ̀ fún mi, mo jẹ ẹ́.

“Láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ,” ó ní, kò gbé ojú sókè, “o ò tíì jẹun nílé yìí. O ó dé, o ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀, o ó lọ. Mo máa ń ní, kí ni mo ṣe fún un?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá.”

“Kí ló wá dé?”

N kò fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo lè lọ. “Ohùn yín ni. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.”

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi gbé okùn rẹ̀, ó jáde lọ sójúde.

“Èmi náà ń gbọ́ ọ,” ni ìyá ìyàwó mi wí. “Ẹnu ọmọ tó ń fọ abọ́ yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Òun lo sì fẹ́ gbé lọ, mo mọ̀, nítorí ẹ̀ lo ṣe na gbogbo ara lélẹ̀. Ìwọ rí ẹ̀rọ rà, o rí nǹkan fi ọwọ́ yí. Èmi ńkọ́?”

Mo ti ní èsì fún aṣọ tó ya. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kà láti Ìkòròdú, kò sí ọ̀kan tó kan èyí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí ògiri, ó sì jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé mo ṣì wà níbẹ̀.

Ó fi eyín já òwú. Ó ju sòkòtò náà sí mi. “Lọ wọ̀ ọ́. Kó o wá dọ̀bálẹ̀, kí a wò ó.”

Mo wọ̀ ọ́, mo sì tún na ara lélẹ̀. Kò ya. Mo sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, ojú mi sí sìmẹ́ńtì.

“Màmá, ẹ jẹ́ kó máa bá mi lọ. Gbogbo ìsinmi ni màá mú un wá. Èmi fúnra mi. Màá sì jókòó.”

Nígbà tó ṣe, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀yìn mi. Àdúrà ló ń gbà. Ó ní a kò ní rí ikú ọ̀dọ́ mọ́ nínú ilé yìí. Ó ní kí ara mi balẹ̀. Ó ní kí ọkọ̀ tó máa gbé àwa méjèèjì lọ má rí àgbákò.

“Àmín,” ni àbúrò ìyàwó mi wí láti ojúde.

Ariwo abọ́ dáwọ́ dúró.

“Kì í ṣe òní o,” ni ìyá ìyàwó mi wí. “Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe wòlímà ní ilé kéwú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Dìde.”

Ó ní òun fẹ́ lọ yí ẹja. Ó lọ dúró nídìí ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń yí ẹja tí ó ti yí tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo dìde láti máa lọ, bí ìṣe mi. Ọmọ mi ń wò mí, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀, kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó lọ.

“Lọ bá a,” mo ní.

Ó lọ. Èmi tún jókòó.