Sítáǹpù Tí Ìyá Àgbà Yẹ̀ Wò

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Òórùn ọ̀dà tútù lára ògiri ọ́fíìsì wa ló rán mi létí rẹ̀.

Ní àgbàlá wa ní Mowe, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi ọ̀dà ya àwòrán sítáǹpù lẹ́tà fún ìdíje kan. Mọ́ńdè ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Ó ti kó reluwé, adé, ẹyẹ idì àti ìrẹsì Ọ̀fadà pọ̀ sórí páálí kan. Ó gbé e lọ sẹ́nu géètì, ó sì ké sí ìyá àgbà tó ń bó ẹ̀gúsí lọ́ọ̀ọ́kán: “Màmá, kí lẹ rí?”

“Ọbẹ̀ tó dànù ni.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú páálí mìíràn, ó ya ṣírí ìrẹsì kan ṣoṣo, ó sì padà sẹ́nu géètì.

Ìyá àgbà ní, “Ìrẹsì Ọ̀fadà nìyẹn! Ṣé o fẹ́ sè é ni?”

Inú bí mi nítorí reluwé. “Bọ̀dá mi, ẹ ti bà á jẹ́!”

“Sítáǹpù ò ju èékánná lọ. Nǹkan kan ló lè gbé.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ni ẹ̀gbọ́n mi bi: ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá dá mọ̀ lókèèrè, kò sí ẹni tí kò ní dá a mọ̀.

N kò gbọ́ èsì ìdíje náà. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé, láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi lá sítáǹpù tí ẹlòmíràn yà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé tí àwòrán tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́.