Ilẹ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Ayọyín, ìjà káfíńtà àti aránbàtà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Àgbà ọkùnrin méjì di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, àga dojú dé, òwú tí wọ́n fi dí ojú eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fún wọn sì ń já bọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Káfíńtà ní aránbàtà ti wọ inú ilẹ̀ òun. Aránbàtà ní káfíńtà ló hú ààlà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ọ̀hún, kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì, nítorí kò sí níbì kankan láyé yìí.

Ayọyín jáde sí wọn, ẹ̀mú lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Baba, ẹ bá mi bi í,” ni káfíńtà wí, “ta ló ni ìdí igi tó wà létí odò?”

“Àbí ẹ ò mọ àṣà ibẹ̀ ni?” Ayọyín kò rẹ́rìn-ín rárá. “Ní Ẹ̀yìn-Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ló ni ààlà.”

Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì ké pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!” Wọ́n wo ara wọn. Ni ìjà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, lórí ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ Ayọyín obìnrin ló gbé àwọn àga dìde. Ó ti kàwé gboyè nínú ìtọ́jú eyín, ó sì ti padà wálé láti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pa ìrora. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ló máa ń ṣáájú abẹ́rẹ́.

Bí aláìsàn bá ti jókòó, tí iná tàn sí i lójú, Ayọyín á fọwọ́, á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn-Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò jìnnà, bó ṣe máa ń wí. Ọ̀nà ibẹ̀ ló le. Odò kan pín in sí méjì, ó máa ń ṣàn gòkè láàárọ̀ kó lè gbé àwọn èèyàn lọ síbi iṣẹ́, ó sì máa ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó lè gbé wọn wálé. Àwọn ará etí odò kì í fi ọwọ́ kíni, ẹnu ni wọ́n ń yà. Bí ẹnu bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀wọ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn ará orí òkè kì í pariwo, nítorí òkè wọn ń sùn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ké, òkè á yí ẹ̀gbẹ́ padà, ilé gbogbo á wó. Àlejò kì í kúrò níbẹ̀ láì tutọ́ sínú abọ́ láti fi dágbére. Ẹni tó bá fi eyín kan sílẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ilẹ̀. Etí odò ni ti eyín iwájú, orí òkè ni ti eyín inú, àbàtà sì ni ti ẹni tó bá yọni lẹ́nu.

Tíṣà kan tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì pinnu láti tú irọ́ náà fó.

“Baba, odò tó ń gòkè láàárọ̀, tó ń sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ló ń ṣe lọ́sàn-án?”

“Ó máa ń jókòó.”

“Omi? Báwo ni omi ṣe ń jókòó?”

“Bí ẹ ṣe jókòó yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n òun kì í bèèrè ọ̀rọ̀ tó báyìí. Ẹ ya ẹnu.”

Tíṣà ya ẹnu. Nígbà tó máa fi pa á dé, eyín ti wà nínú abọ́, òun náà sì ti di onílẹ̀ nínú àbàtà.

Obìnrin alágbàfọ̀ kan wá, ó ní kí wọ́n bá òun yọ eyín mìíràn tí kò ṣe òun ní nǹkan kan, torí pé ìyá ọkọ òun ti gba ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun létí odò, òun sì fẹ́ kó lọ sórí òkè.

“Fọkàn balẹ̀,” ni Ayọyín wí. “Ará etí odò ni ìyá ọkọ rẹ báyìí. Kò ní ṣe ju kó ya ẹnu gbàràgàdà kí ẹ láràárọ̀ lọ.”

“Baba, ìyẹn gan-an ni mò ń sá fún.”

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ni. Eyín inú kan ti ń da obìnrin náà láàmú tipẹ́.

“Ìyá ọmọ mi, wá jókòó kí n yọ ọ́, kí n fún ẹ nílẹ̀ tó dáa.”

“Kí n tó di onílẹ̀ nínú irọ́ yín, ẹ jẹ́ kí eyín ọ̀hún máa ro mí.”

Àwọn aládùúgbò a sì máa fi Ayọyín fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Eyín ẹnu rẹ̀ pé, kò sí èyí tó yọ rí. “Ayọyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín ilẹ̀ fún gbogbo ayé, tiyín ńkọ́?” “Mi ò ní,” á wí. “Ìyàwó mi ni mò ń dúró dè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa wọ̀ sí.”

Ó dúró títí, kò rí i gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga àwọn aláìsàn láti sinmi, kò sì dìde mọ́. Ó lọ pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. Ikú náà dun ọmọ rẹ̀ wọra, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ó sọ fún ara rẹ̀ pé irọ́ ti parí nínú yàrá yìí.

Irọ́ parí lóòótọ́. Ẹnu àwọn èèyàn náà sì pa dé. Awakọ̀ kan tó sígbọnlẹ̀ jókòó, ó fún ètè pọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ẹnu.”

“Dókítà, ẹ ò tíì sọ ibi tí ilẹ̀ mi wà.”

“Kò sí ilẹ̀ kankan, sà.”

Awakọ̀ dìde. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ló wọ̀ lọ, kò sì dá a padà di òní.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó Ayọyín jí wú, ojú kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ọmọ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọyún ti kó síbẹ̀. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kò tíì pẹ́ tó sin bàbá. Ó mú ìyá jókòó sórí àga, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún sunkún díẹ̀. Ìyá fún ètè pọ̀, ó ń mi orí.

Ọmọ náà wo ẹ̀mú bàbá rẹ̀ lórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

“Ní Ẹ̀yìn-Ẹ̀rẹ̀kẹ́, odò kan wà. Ó máa ń gòkè láàárọ̀, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ará etí odò kì í pariwo, torí pé...”

“Irọ́ ni!” Ìyá ké. “Ará orí òkè ni kì í pariwo! Ará etí odò ló ń ya ẹnu kíni! Ta ló kọ́ ẹ nírú ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí?”

Kó tó rántí pa ẹnu dé, díńgí kékeré tí wọ́n fi ń wo eyín ti wà nínú ẹnu rẹ̀.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń yà á, Màmá?”

Ìyá fi hàn án. Ó yà á débi tó yẹ, kò pariwo nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, kò pariwo nígbà tí ẹ̀mú dé, ó sì tutọ́ sínú abọ́ láti fi dágbére. Ìgbà náà ló yé ọmọ rẹ̀ pé kò sí àṣà kan ní ilẹ̀ yẹn tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe lórí àga yìí. Ó wù ú kó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù.

“Ta ló sọ gbogbo ẹ̀ fún yín, Màmá?”

“Ṣé kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà yìí ló máa dí mi létí ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.” Ìyá nu ojú. “Inú mi kàn máa ń dùn tí bàbá rẹ bá ń bẹ̀ mí ni.”

Ó wo eyín inú abọ́.

“Ilẹ̀ mi dà?”

Eyín inú ni, orí òkè sì ni òfin wí. Ṣùgbọ́n orúnkún ìyá kò gba òkè mọ́.

“Etí odò ni tiyín, níbi tó máa ń jókòó sí lọ́sàn-án.”

“Ṣé ó fẹ̀?”

“Ó tó ẹnì kan gbé dáadáa.”

Ìyá fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

“Fi kún un,” ni ó wí. “Bàbá rẹ ò nílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń wọ̀ sí.”