Bàbá Richard àti Kúẹ́rì Mẹ́rìnlá tí Ó Kọ sí Hàbíbátù

Ọjọ́ tí Hàbíbátù kọ́kọ́ gba kúẹ́rì lọ́wọ́ Bàbá Richard, kò ṣí i. Ó wo àpò ìwé náà títí, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí tábìlì tí wọ́n ti ń di ọṣẹ. Ó gbé ìrẹsì ọ̀sán rẹ̀ fún Matilda, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé kó máa jẹ ẹ́. Ó yíjú sí Happiness, tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù kejì, ó ní òun ti foríjì í. Happiness ní kí ni òun ṣe. Hàbíbátù ní kó fi sílẹ̀, ó ti tán. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó sì ń sunkún débi pé oníkẹ̀kẹ́ náà kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ìkòtún yóò mọ̀ pé ẹkún yẹn kì í ṣe kékeré.

Ìwé tí ọ̀gá máa ń kọ sí òṣìṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ ni kúẹ́rì. Á ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí àlàyé náà kò bá dùn, ilé yá. Hàbíbátù kò sì ní ibòmíràn tí yóò lọ. Sódìq ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti já bọ́ láti orí ilé alájà lọ́dún tó ṣáájú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè gbé bulọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ ọṣẹ dídì yẹn ni gbogbo ilé ń jẹ.

Kó tó di aago mẹ́ta, tọkọtaya náà ti padà dé. Sódìq dé fìlà Jímọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ fi ojú àánú wò ó. Ọmọdé ló ń ṣe é."

"Ṣé ẹ ti ka ìwé náà?" Bàbá Richard bi í.

"A ò tíì kà á sà. Ẹ̀rù ń bà wá."

"Ẹ kà á ná."

Sódìq ṣí i níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó kà á sókè: "Ó ti hàn sí ilé-iṣẹ́ yìí pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí òjò wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ìwọ nìkan gbé páálí ọṣẹ mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ sí ibi gíga, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán ọ. Ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ohun tó mú ọ hu irú ìwà bẹ́ẹ̀."

Sódìq tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "kò ní hù ú mọ́."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ta àpò ìwé náà. Ṣọ́ọ̀bù fọtókọ́pì mi ló dojú kọ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yẹn ní Ìgàndó, kò sì sí kúẹ́rì tí Bàbá Richard kọ tí n kò bá a tún gírámà rẹ̀ ṣe, èmi tí n kò ju kíláàsì mẹ́ta lọ. Òun á ní irọ́ ni, pé òun ló ń tún tèmi ṣe. Ọdún kan àbọ̀ rèé tó ti kú, kò lè jiyàn mọ́. N kò mọ̀ pé màá ṣàárò iyàn tó báyìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. "Mo pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n kọ kúẹ́rì sí mi," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. "Ọjọ́ tí mo dé kí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ tó dé ńkọ́? Ta ló kọ̀wé?" Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, bí wọ́n ṣe ń pín mínírà ni wọ́n tún mú kúẹ́rì kan wá, pé kó ṣàlàyé ibi tí sitépúlà ìjọba wọlẹ̀ sí. Ó wá a títí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Orí tábìlì ọ̀gá tó kọ kúẹ́rì ló wà.

Nígbà tí Màmá Adébùnmí, tó dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀, gbà á pé kó máa bójú tó àwọn òṣìṣẹ́, àwọn èèyàn kì í lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Màmá ní kó kọ kúẹ́rì sí wọn dáadáa. Ó ní òun yóò kọ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé Màmá kò bi í pé nítorí kí ni.

Ó ní òfin kan tí kò ṣeé tẹ̀: dandan ni kí o dáhùn, lórí ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. Mùíz, tó ń se ọṣẹ nínú yàrá gbígbóná, ni wọ́n bi pé kí ló dé tó fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìbínú. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi fún wákàtí méjì, ó làágùn, ó kọ ọ́ báyìí: "Sà, n kò mọ ohun tó ṣe mí. Ó jọ pé Ṣàítánì ló tì mí." Bàbá Richard fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí Ṣàítánì má ṣe dáwọ́ dúró.

Ó wá ku Happiness, tí kò rí ọ̀kan gbà. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń gbálẹ̀ níwájú fèrèsé ọ́fíìsì, á gbá a tán, á tún un gbá, á wúkọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí mi ni? Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbá ibí yìí."

"Mo rí ẹ. Kò sí ilẹ̀ tó mọ́ tó iwájú fèrèsé mi ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Ẹ̀yìn ilé ńkọ́?"

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ Matilda ń ṣàìsàn, Happiness sì ṣe iṣẹ́ Matilda mọ́ tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sọ fún ẹnì kankan. Kúẹ́rì dé bá a lọ́jọ́ karùn-ún. Ó kà á, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sunkún síbẹ̀, ó sì gbá a.

Ẹ má rò pé ìwé nìkan ni ó fi ń mú wọn. Mùíz bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé kúẹ́rì yìí ṣeé pa iná ooru?" Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Richard wọ yàrá gbígbóná náà, ó dúró ti ìkòkò ọṣẹ títí ṣẹ́ẹ̀tì fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó jáde, ó kọ kúẹ́rì sí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́.

"Ṣé èmi lẹ kọ kúẹ́rì sí?" Màmá Adébùnmí bi í.

"Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni, mà. Ìṣẹ́jú méjì lẹ lò nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ Ajé tí ẹ fi sá jáde. Mùíz ti lo ọdún mẹ́fà."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Màmá kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, fáànù ńlá méjì dé. Màmá ní òun kò dáhùn kúẹ́rì kankan o. Bàbá Richard ní kò burú, òun ti fi ìdáhùn náà sínú fáìlì.

Lẹ́yìn náà ni ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè gun àtẹ̀gùn, ó jókòó sílé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àsìkò yẹn náà ni Màmá fa ilé-iṣẹ́ lé Táyéwò ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Táyéwò kì í ṣe èèyàn burúkú. Epo àti sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ti wọ́n kọjá bó ṣe yẹ, ó sì ní èèyàn mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ lọ. Ó kó fáìlì wọn jáde, ó wo àwọn tí kúẹ́rì wọn pọ̀ jù, ó kọ orúkọ wọn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara géètì. Hàbíbátù ló ṣíwájú, pẹ̀lú mẹ́rìnlá. Wisdom tó ń ṣọ́ géètì, tó ti sùn láti ọdún tí wọ́n gbà á, kò ní ẹyọ kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Hàbíbátù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ yẹn. Kò lọ bẹ̀bẹ̀.

"Mo ní kí n wá dágbére fún yín, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

"Ìdágbére kí ni?"

"Wọ́n ti lẹ orúkọ wa. Wọ́n ní kúẹ́rì wa ti pọ̀ jù."

Cecilia ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò rí ojú ọkọ òun bẹ́ẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n sin àkọ́bí wọn. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ló kọ ọ́," ó ní. "Èmi ni mo lé wọn."

Ó ní kí wọ́n fún òun ní bàtà.

"Dókítà ní kí ẹ má dìde," Cecilia sọ.

"Dókítà kò mọ Hàbíbátù."

Òun àti Hàbíbátù wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgàndó. Mo rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀, mo di apá rẹ̀ kan mú wọlé. Táyéwò dìde fún un, ó fún un ní àga.

"Sà, àwọn tó ń ṣẹ̀ ni mo yọ. Ẹ wo ti obìnrin yìí, mẹ́rìnlá."

"Ṣí ọ̀kan wò."

Táyéwò ṣí i. Ti òjò ni. Ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó jókòó. Ó mú fáìlì Mùíz, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sà?"

"Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ kì í pẹ́ létí, èèyàn á gbọ́, á gbàgbé. Bí mo bá ní kó ṣàlàyé, á jókòó, á ronú, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun rere tó ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi ò fi mọ tèmi."

Táyéwò pa fáìlì dé. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n agbára ilé-iṣẹ́ kò gbé gbogbo wọn. Bàbá Richard ní kí gbogbo wọn máa wá ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ títí nǹkan yóò fi rọ̀; ó ní kó bi wọ́n, wọn yóò gbà. "Bó bá sì jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ," ó ní, "fún mi ní bébà." Ó kọ orúkọ kan ṣoṣo síbẹ̀, ti ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Kò sí lẹ́tà kan tó wọ́. Táyéwò fúnra rẹ̀ ló lọ já ìwé ti ara géètì.

Ọjọ́ kọkàndínlógún sí ìgbà náà ni Bàbá Richard kú.

Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo òṣìṣẹ́ ló wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wisdom ló sunkún jù. "Kò kọ ẹyọ kan sí mi rí," ó ń wí. Matilda gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́. "Má sunkún mọ́. Ó mọ̀ ẹ́ dáadáa. Kò kàn fẹ́ jí ẹ ni." Létí sàréè ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín, àlùfáà sì dúró kí wọ́n rín in tán.

Ọjọ́ mẹ́rin náà ti padà di márùn-ún báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, díẹ̀ nínú wa lọ kí Cecilia ní Ẹ̀gbẹ́dá. A jókòó sí pálọ̀, iyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí Bàbá fẹ́ràn jù. Mùíz ní òun ni. Happiness ní kó dákẹ́ jàre. Èmi náà sọ tèmi, wọn kò dá mi lóhùn. Cecilia gbọ́ wa títí.

"Èmi ni," ó ní.

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń lọ bu oúnjẹ wá. Ó pẹ́ nínú ilé ìdáná, a kò sì gbọ́ ìró ṣíbí. Hàbíbátù dìde, ó lọ bá a.

Ìkòkò méjì ló wà lórí sítóòfù. Ńlá jẹ́ tiwa. Kékeré jẹ́ ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, irú èyí tí dókítà ní kí Cecilia máa sè fún ọkọ rẹ̀. Ó ti tún sè é láìmọ̀, ó dúró tì í, ó ń wò ó.

Hàbíbátù mú àwo kan. Inú ìkòkò kékeré ni ó ti bu ọbẹ̀ tirẹ̀, ó gbé e bọ̀ ní pálọ̀, ó jókòó láàárín wa. Mùíz tọ́ ọ wò, ó fajúro.

"Kò níyọ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ," ni Hàbíbátù wí, ó sì jẹ ẹ́ tán.