Oṣù Tó Jẹ́ Orúkọ Ìkòkò

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì tuntun, Olúbọ̀dé ọmọ ìlú Ìyàrá ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kékeré kan ní Kàbbà. Ta ní ń wá Gíríìkì ní Kàbbà? Ṣùgbọ́n ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ nìyẹn, kò sì síbòmíràn tó ti lè fi jẹun.

Oṣù kan wà tó fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé: Tagẹlíónì. Ìkòkò tí àwọn Gíríìkì fi ń se àkọ́so oko ló fún ọdún ìbọ wọn kan lórúkọ. Wọ́n wá gé ìdí orúkọ ọdún náà, wọ́n so ìrù mìíràn mọ́ ọn, ó di oṣù. Nínú gírámà wọn, orúkọ ọdún jẹ́ ọ̀pọ̀, ti oṣù jẹ́ ẹyọ, akọ ni wọ́n sì kà á sí. Yóò wá fi kún un pé, "Níbi ọdún ìbọ yìí kan náà, wọ́n á di ẹ̀bi ìlú ru ẹnìkan, wọ́n á lé e jáde." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìkórè ìjọ tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀wà ìkòkò ńlá da inú èèyàn rú. Agatha, ìyàwó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ló da ẹ̀wà àná pọ̀ mọ́ tuntun. Gbogbo ilé ìdáná ló mọ̀. Ọ̀gá náà, Ọlánípẹ̀kun, jẹ́ àbúrò ìyá Olúbọ̀dé. Ó pè é sí kọ̀rọ̀.

"Bọ̀dé, ìjọ ń bínú. Ìwọ lo ń bójú tó oúnjẹ ní sáà yìí. Gbà pé ìwọ ni, kí o lọ sílé díẹ̀. Bọ́rọ̀ bá rọlẹ̀, mo máa pè ọ́."

"Ṣé ẹ máa pè mí, Bàbá?"

"Ṣé mo lè sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nù ni?"

Olúbọ̀dé dọ̀bálẹ̀, ó gbà. Ẹni tó mọ ìtàn Tagẹlíónì dunjú yẹ kó mọ̀ pé a kì í pe ẹni tí a lé padà, ṣùgbọ́n ẹbí ló dí i lójú.

Ó padà sídìí ebè iṣu ní Ìyàrá. Òjò ọdún kan lọ, tòmíràn dé, ẹnikẹ́ni ò pè é. Lọ́jọ́ kan, Praise, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tuntun láti ilé-ẹ̀kọ́ náà, yà ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ létí títì.

"Okun o, bàbá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. "Iṣu ìkórè ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní Kàbbà ni mo wá rà. Ìkórè Ìkòkò la ń pè é báyìí, nítorí ẹ̀wà kan tó ṣe àwọn èèyàn léṣe."

"Ta ni wọ́n ní ó sè é?"

"Kúùkù kan ni. Wọ́n ti lé e. N ò mọ orúkọ ẹ̀."

"Gíríìkì ńkọ́?"

"Wọn ò kọ́ wa nírú ẹ̀."

Ó dun Olúbọ̀dé wọ egungun. Ó di iṣu náà fún un.

"Bá mi kí ọ̀gá yín."

"Kí n ní ta ló kí wọn?"

"Sọ pé kúùkù ni."