Eyín Òkè, Òkè Òkun

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló gba ọmọ mi obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Ọ̀kan wà ní Ìlú Ọba, lókè òkun. Èkejì wà ní Èkó. Ti Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ ọ rí. Ìjọba ti gbà láti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi yòówù tó bá yàn. Ọmọ náà yan Èkó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Kò tán, nítorí inú agboolé ni mò ń gbé, ní Bẹyẹrúnká. Nínú agboolé, bí ọmọ rẹ bá ń dára, ọmọ gbogbo ilé ni. Bí ó bá ń burú, ìwọ nìkan lo bí i.

Aránfìlà ni mí. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìwé kà. Ọdún tí ìjọba sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé láàárọ̀, tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Òun ló ń bá mi yẹ àṣìṣe mi wò. Ìyá rẹ̀ a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni òun ń se oúnjẹ fún. Ìyá náà kú kí ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá.

Mo bi ọmọ léèrè ìdí tó fi yan Èkó.

Ó ní, "Bàbá, ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ẹnu àwọn ìyá Ọjà'ba ni mo rí. Ẹnu tó ń jẹ obì, tó ń fi pákò fọ eyín, tó ń fi aáṣáà sẹ́nu. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tọ́jú. Irú rẹ̀ náà ni mo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́."

Mo ní ó dára. Èmi kì í sọ púpọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin kan tí ń ta bàtà dì mọ́ mi. "Ẹ kú oríire o. Wọ́n ní ọmọ yín ń lọ Ìlú Ọba."

Mo ní ta ló wí bẹ́ẹ̀. Ó ní mọ́gàjí wa ni. Mọ́gàjí ni olórí agboolé wa, ó sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ti kéde. Agboolé tó kọjú sí tiwa ní ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ amòfin lókè òkun. Ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti ń jẹ mọ́gàjí lọ́kàn.

Inú bí mi. Kò bi mí, kò bi ọmọ. Mo lọ bá a nílé. Ó ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró, pé a ó ṣèpàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Kí n tó sọ ti ìpàdé náà, ó yẹ kí n sọ ti eyín òkè.

Nígbà tí ọmọ mi wà lọ́mọ ọwọ́, eyín òkè ló kọ́kọ́ hù. Àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn ìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ ló yẹ kó ṣíwájú. Bí ti òkè bá ṣíwájú, wọ́n á ní ọmọ náà kò ní rọ òbí rẹ̀ lọ́rùn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló rí i bó ti ń wẹ ọmọ fún wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́. Àwọn obìnrin ilé kò pọn ọmọ náà mọ́. A ṣe sàráà tí wọ́n ní ká ṣe, wọn kò dákẹ́. Ìyàwó mi wá ń fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ rò ó wò: ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lójú ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi, mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ fún àlejò kan lẹ́yìn ilé pé, "Ṣé mo sọ fún wọn nígbà tí eyín òkè yẹn hù, àbí n kò sọ?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a kó ara wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́gàjí ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n fún lẹ́ṣin, ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni yóò gùn? Èkó! Èkó tí à ń lọ ra ọjà."

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi ní, "Èmi náà lọ Èkó lóṣù tó kọjá. N kò tíì di dókítà." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà wúkọ́. "Kí lẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí? Ọmọ yìí ti sọ ibi tó ń lọ láti ìkókó. Eyín wo ló kọ́kọ́ hù lẹ́nu rẹ̀? Ti òkè. Ta ni kò mọ̀ nínú ilé yìí? Eyín ni iṣẹ́ rẹ̀, òkè lọ̀nà rẹ̀. Eyín òkè, òkè òkun. Èmi ti rí i nígbà náà, mo sì sọ ọ́."

Gbogbo wọn ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Mọ́gàjí pàtẹ́wọ́.

Ohun tí ìyàwó mi fi sunkún ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán wa létí. Kí lẹ sọ nígbà náà?"

"Mo ní ọmọ náà yóò dé ibi gíga."

"Kí lẹ sọ lẹ́yìn ilé, lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀?"

Mọ́gàjí ní, "Ìwọ náà, fi òkú sílẹ̀ kó sùn."

Mo ní, "Nítorí eyín yẹn, kò rí oorun sùn nígbà tó wà láyé."

Ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ọmọ mìíràn a máa hu ti òkè ṣáájú. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Kò ní kí ìyá mi kú, kò sì ní kí n lọ Ìlú Ọba. Èkó ni mò ń lọ."

Mọ́gàjí yíjú sí mi. "Kí ni kí n wá wí fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí?"

"Ẹ wí fún wọn pé ẹ kò bi wá."

Ó lọ Èkó. Kò pẹ́ rárá, mo jókòó ti fìlà tí mò ń rán lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà nínú ilé. "Èkó náà ńkọ́? Ṣebí etí òkun ló wà. Ohun tí mo wí náà ni." Bí mo bá sọ ìyẹn fún ènìyàn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi, ọmọ mi wá sílé. Ìyá Àgbà fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú, ó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ mi mú àpótí fún un kó jókòó. Ó ní kí n wá bá òun mú tọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ lanu dáadáa, Ìyá Àgbà. Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Ti òkè ni, ọmọ mi."

Mo tan iná sí i. Mo wo inú ẹnu náà títí dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ọmọ mi rọra ń wò ó, ó ń sọ fún un pé àwọn méjèèjì yóò jọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la.

Ó wá ní, "Bàbá, iná náà ti kúrò lójú eyín."

Mo ní tọ́ọ̀ṣì náà ló wúwo.