Ọwọ́ Aláró Nílé Oúnjẹ Àwọn Ará Ṣáínà

Nígbà tí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ dé Òkè-Mosàn, èmi ni mo fa ìyá mi lọ síbẹ̀. Aláró ni wọ́n ní Ìtòkú; kànrìnkàn àti ọṣẹ kì í bó aró kúrò léèékánná wọn. Ìrẹsì dé, wọ́n ṣanwọ́, wọ́n fọwọ́ bù ú. Àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì wò wá. Ojú tì mí.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo fọ́ọ̀kì. Ẹ wo ọwọ́ yín."

Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn, wọ́n ní àwọn ti yó. Aró tó rán mi níléèwé ni mo ń tijú, èmi aláìmoore! Wọn ò bá mi jẹun níta mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá wọ ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà kan lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìyá ẹni tó ni ín jókòó láàárín àwa oníbàárà, làálì pupa fòò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fọwọ́ jẹ ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ọmọ wọn gbé omi wá, ó rọra ń fọ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wo ojú oníbàárà kankan.