Ohun Tí Oògùn Eyín Fi Mí Ṣe

Olùkọ́ ni mí. Pọ́bẹ̀ ni ìjọba ti gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì, ẹ̀gbẹ́ eyín iwájú mi méjì sì kán. Bàbá mi gbé mi lọ sí Àjàṣẹ́. Dókítà eléyín fi nǹkan kan tó dà bí amọ̀ funfun mọ ibi tó kán náà. Plọ́mbàjì ni wọ́n ń pè é. Ó mọ ọ́n débi pé ojú ò lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Bí kọfí ṣe ń sọ eyín mi di pípọ́n díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń dàgbà, ó ń pọ́n pẹ̀lú wọn. Nígbà tó yá, mo gbàgbé pé kì í ṣe ara mi.

Àwọn ará ilé wa ti ṣíwọ́ sísọ ọ̀rọ̀ ọkọ sí mi létí nígbà tí ọkùnrin kan tó ń gbin kajú ní Kàbúà sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì máa ń fẹ́ gbọ́ ohun tí mo bá ní í sọ. A dá ọjọ́ tí a máa lọ sí mèrí, ilé ìjọba ìbílẹ̀, láti fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ya ara mi ní fọ́tò lórí fóònù. Nínú àwọn fọ́tò náà ni mo ti rí i pé eyín mi ti pọ́n.

Obìnrin kan tí a jọ ń kọ́ni ń ta oògùn tó ń sọ eyín di funfun. Ó ya ẹnu kí n wo tirẹ̀.

Ó ní, “Ilé ni wàá ti ṣe é. Fi oògùn sínú rọ́bà yìí, kí o fi bọ eyín ní ìrọ̀lẹ́.”

Kò bi mí bóyá wọ́n ti dí eyín mi rí. Èmi náà ò rántí sọ.

Àwọn eyín yòókù funfun lóòótọ́. Igun méjì tí dókítà Àjàṣẹ́ mọ ló dúró sí àwọ̀ àgbàdo gbígbẹ láàárín wọn. Mo rò pé wọ́n kàn ń lọ́ra ni, mo sì fi kún oògùn. Bí mo ṣe ń lò ó tó ni wọ́n ń hàn síta tó. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, bí mo bá sì la ẹnu, ìrora á gba eyín òsì gòkè wọ imú.

Ọkùnrin mi wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú.

“Nǹkan há sí ọ léyín,” ló wí. Ó na ọwọ́ kó bá mi yọ ọ́, bí ẹni ń yọ eegun ẹja lẹ́nu ọmọ.

Mo yí ojú kúrò. Kò mọ ohun tó ṣe.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Paraku lọ́dọ̀ dókítà eléyín kan. Obìnrin ni. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó sì ya fọ́tò egungun eyín náà.

“Màdáàmù, eyín ara yín nìkan ni oògùn yẹn lè sọ di funfun. Kò lè ṣe plọ́mbàjì ní nǹkan kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mọ tuntun kí ọjọ́ ìgbéyàwó mi tó pé.”

“Eyín tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí tuntun lẹ̀ dáadáa. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.” Ó na ìka sí fọ́tò náà. “Etí plọ́mbàjì ti òsì ti ṣí, oògùn sì ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Eyín yẹn ti kú nínú. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń kú láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú, mi ò lè búra pé oògùn ló pa á. Ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́.”

Ní mèrí, ayàwòrán ń bẹ̀ mí pé kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ọmọ mi, ṣé wọ́n fi ipá mú ọ ni?”

“Rárá o, ìyá.” Ọwọ́ mi wà lẹ́nu bí mo ṣe ń dáhùn. Ó wò mí títí, ó sì padà sídìí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi.

Nígbà tó yá, wọ́n yọ eyín òsì ní Paraku. Wọ́n mọ tuntun sí èkejì, wọ́n jẹ́ kó bá funfun àwọn yòókù mu. Kí ọdún tó yí, àwọn yòókù ti pọ́n padà, èyí tuntun sì dúró gbọn-in, ó funfun bí ẹfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo. Mi ò lọ sí Paraku mọ́. Ọkọ mi ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í wò ó mọ́ ni.

Ní kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọmọbìnrin kan dìde kàwé. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ òsì bo ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo bi í pé kí ló ń bo ẹnu fún.

“Bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń kà á nìyẹn,” ló dáhùn, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní kó máa kà á lọ.